Ohùn Tí Kò Bá Mi Padà

Màmá mi wà ní bálùwẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá àgbà pe fóònù wọn láti Abẹ́òkúta, èmi ni mo gbé e. Ọdún 2018 ni. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà." Ìyá àgbà dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Mi ò tíì dáhùn tí màmá mi fi sáré jáde tàwọn tọṣẹ lára, wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ẹ má wulẹ̀ dààmú mà, ọ̀fìnkìn ló mú un." Ìyá bàbá mi ni ìyá àgbà. Kò sí ìyàwó ilé tó máa fẹ́ kí ìyá ọkọ òun gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lórí fóònù.

Ọ̀fìnkìn náà kò tíì lọ títí dòní.

Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n bí mi sí, lọ́dún 1996. Ọmọbìnrin ni wọ́n bí. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 21, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ testosterone, họ́mọ́ònù tó ń sọ ọmọkùnrin di géńdé, nítorí mo gbà tọkàntọkàn pé ọkùnrin ni mí. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ni mo fi gbà á. Oṣù kejì ọdún 2021 ni mo dáwọ́ dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, mi ò lè tọ́ka sí i ní pàtó, àwọn tó bá sì ní àwọn lè tọ́ka sí tiwọn máa ń yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tí nǹkan oṣù dé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì wà. Kò sí ọmọ mìíràn ní kíláàsì wa tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí inú bá ń run mí, olùkọ́ á rò pé ìṣirò ni mo ń sá fún, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ni mo mọ̀ jù. Kí n tó pé ọdún 11, ara mi ti ṣáájú ọjọ́ orí mi lọ, ojú tí ayé fi ń wò mí sì ti yí padà. Nínú bọ́ọ̀sì 12 lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó lè bí mi jókòó tì mí. Àyè kún inú bọ́ọ̀sì o. Ó wò mí títí mo fi sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó tí kì í ṣe tèmi, mo fẹsẹ̀ rìn délé. Màmá mi kò sọ púpọ̀. Wọ́n ra kádígánì ńlá kan fún mi, aláwọ̀ eérú. Mo wọ kádígánì yẹn nígbà òtútù, mo wọ̀ ọ́ nígbà ooru.

Nílé, òfin ló pọ̀. Pa ẹsẹ̀ dé. Má súfèé, ọmọbìnrin kì í súfèé. Má fi ẹnu bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ta ló máa fẹ́ ẹ? Àbúrò mi ọkùnrin ń súfèé láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó bá a wí. Bàbá mi ní tiwọn, bí mo bá ṣe ohun tó wù wọ́n, bóyá mo gba ipò kìíní, tàbí mo bá wọn gbé àpò ìrẹsì gun àtẹ̀gùn nítorí ẹ̀rọ agbéni-sókè ti bàjẹ́, wọ́n á pariwo pé, "Obìnrin bí ọkùnrin!" Wọ́n á máa kì mí bí ẹni ń ki Madam Tinúbú, Ìyálóde Ẹ̀gbá. Orí mi á wú. Ó pẹ́ gan-an kí n tó gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ oríyìn yẹn: ìgbà tí mo bá ṣe dáadáa ni mo máa ń kúrò lára àwọn obìnrin.

Mo pé ọdún 16 ní 2012. Lórí YouTube ni mo ti kọ́kọ́ rí wọn, àwọn tí wọ́n bí ní ọmọbìnrin, tí wọ́n ń ka oṣù abẹ́rẹ́ wọn síta. Oṣù kìíní rèé, ẹ gbọ́ ohùn mi. Oṣù kẹta rèé. Oṣù kẹfà, ẹ wo àgbọ̀n mi. Mo ń wò wọ́n lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì títí di aago mẹ́ta òru. Kì í ṣe irùngbọ̀n ló mú mi lọ́kàn, ojú wọn ni. Ojú ẹni tí ara ti tù. Mo ní, áà, ohun tó ń ṣe mí yìí ní orúkọ. Ó sì ní oògùn.

Ọdún 2014 ni mo wọ yunifásítì ní ìlú kan lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ fún irú wa. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, wọ́n ní kí oníkálùkù sọ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ tó fẹ́ kí wọ́n máa lò fún un. Ọmọ kan tó kéré sí mi ní kí a máa pe òun ní "they". Mo túmọ̀ rẹ̀ nínú ọkàn mi, ẹ̀rín fẹ́ pa mí: ọmọ kékeré yìí fẹ́ kí n máa pe òun ní wọ́n! Ní ilé wa, ẹni tí a bá ń kúnlẹ̀ kí là ń pè bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ ọ́ jáde. Mo kàn ń pe ọmọ náà bó ṣe fẹ́, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un lọ́kàn bí ẹni pé àǹtí mi ni.

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ṣe mí lóore. Nígbà tí bàbá mi dáwọ́ owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi dúró, ilé wọn ni mo ti ń jẹun. Wọn kò fi tipátipá sọ mí di ohunkóhun. Kìkì pé gbogbo ìbéèrè tí mo bá gbé dé ọ̀dọ̀ wọn, ìdáhùn kan náà ló ní. Mo kórìíra aṣọ obìnrin: ọkùnrin ni ẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn mí: ọkùnrin ni ẹ́. Mo ń ṣiyèméjì: obìnrin gidi kì í ṣiyèméjì irú ẹ̀. Mi ò rí i nígbà náà pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni yàrá náà ní.

Lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àgbàlagbà bá fẹ́ irú oògùn yìí, dókítà rẹ̀ á fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí klíníìkì àkànṣe, á wá máa dúró. Wọ́n ń fi ọdún dúró, kì í ṣe oṣù. Mo dúró fún ọdún méjì, lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo gbà, òun náà ní kí n ṣì máa dúró. Mo wá lọ síbi tí wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ ẹni. Mi ò ní dárúkọ wọn. A pàdé lẹ́ẹ̀mejì lórí fídíò, mo fi owó ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ san án, ó parí. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní láti kékeré. Mo ti ka ìdáhùn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo há a sórí bí ẹsẹ Bíbélì ọjọ́ ìsinmi. Wọn kò bèèrè nǹkan oṣù tó dé lọ́mọ ọdún 9. Wọn kò bèèrè bọ́ọ̀sì. Èmi náà kò sì sọ. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn nìkan: ẹni tí ebi ń pa kì í sọ fún olóúnjẹ pé inú ń run òun.

Ọdún àkọ́kọ́ dùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu irú èmi, ṣùgbọ́n ó dùn. Ní oṣù kẹta nǹkan oṣù dúró. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní oṣù kẹrin ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ bíi ti àbúrò mi nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 13. Irun hù lágbọ̀n mi, onígbàjámọ̀ kan ní òpópónà Rye Lane ní Peckham pè mí ní "boss mi". Mo wọ bọ́ọ̀sì 12, mo jókòó sí òkè, kò sẹ́ni tó wò mí. Mo sunkún níbẹ̀, ẹkún ayọ̀ ni.

Oṣù kan kò pé lẹ́yìn náà tí ọlọ́pàá méjì fi dá mi dúró lójú pópó, wọ́n ní kí n na ọwọ́ mi méjèèjì. Mo jọ ẹnì kan tí wọ́n ń wá, wọ́n ní. Mi ò tíì ronú kàn án rí pé kì í ṣe ọkùnrin lásán ni mo ń dà, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú ní Lọ́ńdọ̀n ni. Àkọsílẹ̀ ìjọba fún ọdún 2018 sí 2019 ní England àti Wales sọ ọ́ kedere: ìgbà 38 ni ọlọ́pàá yẹ ara wò láàárín ènìyàn dúdú 1,000, ìgbà 4 láàárín òyìnbó 1,000. Àwọn obìnrin tí mo bá kó sí ẹ̀yìn wọn lóru bẹ̀rẹ̀ sí í yára rìn. Ìyá òyìnbó kan nínú ọkọ̀ ojú irin di báàgì rẹ̀ mú nítorí mi, èmi tí mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́ gbé ẹrù. Ojú tí mo sá fún lọ́mọ ọdún 11 kò lọ síbì kankan. Aṣọ ló pààrọ̀.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì, n ó yára kọjá níbẹ̀. Àwọn òbí mi mú mi lọ síbi àdúrà ìdáǹdè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní ọkọ ọ̀run ni ó ń bá mi jà. Mo rántí pé mo bi ara mi lórí ìkúnlẹ̀ pé bó bá jẹ́ pé ọkọ ọ̀run ni, ṣé kì í ṣe obìnrin ló yẹ kó máa fẹ́ kí n jẹ́? Kò sẹ́ni tí mo lè bi. Gbogbo ohun tí ìdáǹdè yẹn ṣe ni pé ó jẹ́ kó dá mi lójú sí i pé ọ̀nà tí mo wà ló tọ́, nítorí ìwà àwọn tó ń ta kò ó.

Orúkọ ńkọ́? Orúkọ òyìnbó mi nìkan ni mo yí padà lórí ìwé. Ti Yorùbá kò nílò àyípadà, akọ ń jẹ́ ẹ, abo ń jẹ́ ẹ. Oríkì ló dá wàhálà sílẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì mi, kò sì sí bí a ṣe lè sọ Àbẹ̀kẹ́ di ti ọkùnrin. Mo wá oríkì ọkùnrin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo mú Àkànbí, mo sọ fún màmá mi pé èyí tí n ó máa jẹ́ nìyẹn. Wọn kò bínú. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń ta ẹran tí kò pa, wọ́n ní, "Ta ló fún ẹ? Èèyàn kì í fún ara rẹ̀ lóríkì." Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún mi láti ọdún yẹn wá, àti ti Bíbélì àti ti omijé, èyí nìkan ni mi ò rí èsì fún.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé nítorí kòrónà. Iṣẹ́ mi dúró, mi ò lè san owó yàrá mọ́, mo padà sí Peckham. Bàbá mi ti lo oṣù mẹ́jọ láì bá mi sọ̀rọ̀. Nínú fúláàtì oníyàrá mẹ́ta, níbo ni wọ́n fẹ́ gbà? Ìròyìn aago mẹ́fà la jọ ń wò. Lọ́jọ́ kẹsàn-án wọ́n ní kí n fún àwọn ní rìmóòtù. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé. Láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ro ara mi. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo ti fi ọdún mẹ́ta ṣọ́ ẹnu màmá mi. Bí wọ́n bá ní "she", èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún obìnrin, mo ti gbaná jẹ, mo ti dìde nídìí oúnjẹ. Lédè Yorùbá, kí ni mo fẹ́ ṣọ́? "Ṣé ó ti jẹun?" "Ó ń sùn." "Pè é wá." Màmá mi lè fi ọ̀rọ̀ mi ṣeré láti àárọ̀ dalẹ́ láì ṣì mí pè. Mo gbọ́ bàbá mi lórí fóònù tí wọ́n ń sọ fún ọ̀rẹ́ wọn pé, "Àgbà ọmọ wa ti wálé o." Mo wá ibi tí ìjà mi lè dúró sí nínú gbólóhùn yẹn, mi ò rí i.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé èdè Yorùbá wò mí sàn. Inú èdè yìí kan náà ni ọmọbìnrin kì í súfèé ti wá, inú rẹ̀ ni obìnrin bí ọkùnrin ti wá, àti àwọn òwe kan nípa obìnrin tí mi ò ní kọ síbí. Àwọn tó ń kéde kiri pé kò sí ọ̀rọ̀ akọ-n-babo nílẹ̀ wa kí òyìnbó tó dé, ó dá mi lójú pé wọn kò bá àwọn àǹtí mi gbélé rí. Àyè ni èdè náà fún mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Odindi ọjọ́ á kọjá, mi ò ní jẹ́ ọkùnrin, mi ò sì ní jẹ́ obìnrin tó ń sá. Ọmọ ni mí, ẹ̀gbọ́n ni mí, ìrẹsì sì ń jóná.

Nínú oṣù kẹfà, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi dé. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ki jù. Testosterone máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, nítorí ó máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa pọ̀ sí i. Wọ́n ní kí n dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Mo sọ fún màmá mi, àwa méjèèjì ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ṣebí mo ti sọ. Ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde lóṣooṣù, ibo ló ń lọ?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣàlàyé pé kì í ṣe bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo wá ní, láì ronú, "Mo kórìíra rẹ̀ ni mà. Láti ọmọ ọdún 9 ni mo ti kórìíra rẹ̀."

Màmá mi kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ràn rẹ̀?"

Wọ́n wá sọ ohun tí wọn kò sọ fún mi rí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní girama ní Abẹ́òkúta, àwọn ọmọkùnrin kan máa ń dúró lẹ́bàá odi ilé ìwé, wọ́n á máa kígbe nǹkan sí àwọn lójoojúmọ́. Wọ́n jí ọ̀já tí ìyá wọn fi ń pọnmọ, wọ́n fi dì àyà wọn mọ́lẹ̀ lábẹ́ aṣọ ilé ìwé. Odindi sáà kan. Wọ́n ní bí àwọn bá tú u lálẹ́, ẹ̀gbẹ́ á máa ro àwọn, àwọn kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó fà á.

Aṣọ tí wọ́n ń pè ní báíńdà, tí a fi ń dì àyà mọ́lẹ̀, wà lára mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ń ro mí. Mo ti wọ irú ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, mo sì gbà pé kò sí obìnrin tó lè mọ ohun tó mú mi wọ̀ ọ́. Ẹ̀rí mi tó lágbára jù lọ pé èmi kì í ṣe obìnrin ni pé mo kórìíra ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti rò pé àwọn tó kù fẹ́ràn rẹ̀. Ta ló fẹ́ràn rẹ̀? Ìbéèrè yẹn kò kúrò lára mi fún oṣù mélòó kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn léèrè. Mo bi ìyàwó àbúrò bàbá mi. Mo bi aládùúgbò wa ará Jàmáíkà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ìtàn ọ̀já lóríṣiríṣi.

Láti ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó mú inú bí mi jù. Àwọn àǹtí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì, tí wọn kò lè jókòó pọ̀ mu tíì, ohun kan náà ni wọ́n gbàgbọ́. Àwọn méjèèjì gbà pé ọmọbìnrin tó ń súfèé, tó ń ya ẹsẹ̀, tí kò fẹ́ aṣọ dídán, tí ara rẹ̀ ń ni ín lára, nǹkan kan ti ṣì níbì kan. Àwọn àǹtí ní kí o tún ìwà ṣe kó lè bá ara mu. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí o tún ara ṣe kó lè bá ìwà mu. Èmi náà gbà á, fún odindi ọdún mẹ́jọ, pé ó gbọ́dọ̀ bá nǹkan mu.

Mi ò dáwọ́ dúró lọ́jọ́ yẹn. Ìgbéraga wà, ẹ̀rù wà, mo sì ti fi owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ àyà, èyí tí wọ́n fi ń gé ọmú kúrò. Oṣù kejì ọdún 2021 ni abẹ́rẹ́ kàn, mi ò lọ. Mo san owó ìfagilé iṣẹ́ abẹ, ó dùn mí títí dòní, kì í ṣe owó kékeré. Nǹkan oṣù padà dé ní oṣù kẹrin lẹ́yìn náà pẹ̀lú gbogbo ìrora rẹ̀, mo jókòó nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ní káàbọ̀. Ọ̀rá ara padà síbi tó máa ń wà. Irùngbọ̀n kò lọ, mo ń fi iná léésà jó o díẹ̀díẹ̀. Lára àwọ̀ dúdú ó ní irú ẹ̀rọ tí wọ́n gbọ́dọ̀ lò, kí awọ má baà jó, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó sanwó.

Ohùn kò padà. Testosterone máa ń mú kí okùn ohùn nípọn ni, bí a bá sì dá a dúró, okùn náà kì í tún tín-ín-rín mọ́. Wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí olùkọ́ ohùn, obìnrin òyìnbó onísùúrù kan. Ẹ̀rọ rẹ̀ ní ohùn mi wà ní bíi 118 hertz, ìyẹn iye ìgbà tí okùn ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti obìnrin sábà máa ń wà nítòsí 200, ti ọkùnrin nítòsí 120. Ó ń kọ́ mi bí n ó ṣe gbé e sókè láti iwájú ẹnu. Ó ní kí n máa gbé ìparí ọ̀rọ̀ sókè díẹ̀, pé bí àwọn obìnrin ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo ní ìyẹn á ṣiṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nílé wa, bí mo bá gbé ìparí ọkọ sókè, ó ti di ọkọ́, wọ́n á ní kí n lọ roko. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n mo ti rí nǹkan níbẹ̀: Yorùbá kò bìkítà ibi tí ohùn ẹni bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ kàn gbọ́dọ̀ relẹ̀ ju àárín lọ, òkè sì gbọ́dọ̀ ga jù ú. Dò, re, mí mi pé, kìkì pé ìsàlẹ̀ kànga ló ti ń wá.

Àwọn ọ̀rẹ́ kan dá mi lóhùn, àwọn kan kò dá mi lóhùn mọ́. Ẹnì kan tí a jọ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lọ́dún kan náà ṣì ń gbà á, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ní iṣẹ́, ó ti gbéyàwó. A máa ń jẹun pọ̀. Mi ò rò pé ó ń tan ara rẹ̀ jẹ, òun náà kò sì rò pé mo dà á. Kò sí èyí tó yé àwọn ará ìta nínú àwa méjèèjì.

Àwọn ará ìta sì pọ̀. Pásítọ̀ ní kí n wá jẹ́rìí lọ́jọ́ ìsinmi pé Olúwa ti gbà mí. Mo ní rárá sà, màmá mi ló ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn òyìnbó kan kọ lẹ́tà sí mi, wọ́n fẹ́ kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé. Mo ka ohun tí wọ́n ń sọ nípa irú ọ̀rẹ́ mi yẹn, mo pa lẹ́tà náà rẹ́. Nígbà tí ìjábọ̀ Dókítà Hilary Cass, dókítà ọmọdé tí NHS ní kó yẹ ìtọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wò, jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, gbogbo wọn ló ń jù ú síra wọn, mo sì bi àwọn méjì kan bóyá wọ́n ti kà á, wọn kò tíì kà á. Èmi kà á. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló dá lé lórí, mo sì ti dàgbà nígbà tèmi. Síbẹ̀ mo rí ara mi níbẹ̀: àwọn ọmọ tí wọ́n ń rán lọ sí klíníìkì Tavistock, klíníìkì àkànṣe NHS fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, kò tó 250 ní 2011 sí 2012, wọ́n ti lé ní 5,000 ní 2021 sí 2022, àwọn tí wọ́n bí ní ọmọbìnrin ló sì pọ̀ jù. Ó ní ẹ̀rí tó wà fún àwọn oògùn náà lára ọmọdé kò lágbára. Ó tún ní nígbà tí àwọn fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ náà ṣe ń ṣe sí lẹ́yìn tí wọ́n dàgbà, mẹ́fà nínú klíníìkì méje tó wà fún àwọn àgbàlagbà kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ibi tí mo ti pa ìwé náà dé nìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi náà, klíníìkì tèmi kò pè mí láti ọjọ́ tí mi ò ti lọ mọ́, àfi ìgbà tí owó kan kù.

Oṣù keje ọdún 2021 ni mo fúnra mi pe ìyá àgbà. Mo ti fi ọdún mẹ́ta sá fún wọn. Nígbà tí wọ́n pé 90 ní 2019, mi ò lọ sí Abẹ́òkúta, torí ìwé ìrìnnà mi ti sọ mí di ọkùnrin, mi ò sì mọ ohun tí n ó sọ ní pápákọ̀ òfurufú. Òfin tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2014, tó ka ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo léèwọ̀, kò dárúkọ irú wa, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá ọlọ́pàá ṣàlàyé ìyẹn?

Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́ ni mà."

Wọ́n dákẹ́, ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní, "Ohùn baba mi rèé." Wọ́n ní ọdẹ ni bàbá wọn, tó máa ń sun ìjálá, pé bí ó bá ń ti oko bọ̀, àwọn á ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kí àwọn tó rí i. Wọ́n ní, "Kí ló ṣe ohùn rẹ?"

"Oògùn kan ni mo lò mà."

"Ó sàn ẹ́?"

"Fún ìgbà díẹ̀ mà."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Jẹ́ n gbọ́ ọ sí i." Mi ò mọ ohun tí n ó sọ, mo bá ń ka Orin Dáfídì kẹtàlélógún, wọ́n ń dáhùn hẹ̀n-ẹ́n, hẹ̀n-ẹ́n, títí káàdì fi tán.

Oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n lọ. A sin wọ́n ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Aṣọ ẹbí mi jẹ́ ìró àti bùbá, mo wé gèlè, gèlè náà kò dúró dáadáa lórí mi rí láti kékeré, kò sì dúró lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ìyàwó ilé jókòó sábẹ́ ìbòrí, wọ́n ń kí àwọn ọmọ ilé tó ti òkè òkun dé. Obìnrin kan tó ju màmá mi lọ dìde nílẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún mi, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀, ẹ kú ará fẹ́ra kù." Ọmọ ilé ni mí, ọkọ ni mo jẹ́ fún un, bó ṣe rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo dáhùn, gbogbo wọn gbọ́ ohùn mi. Ìyá náà gbé orí sókè.

Ó ní, "Háà, ọ̀fìnkìn tí ìyàwó wa sọ nígbà kan, kò tíì lọ ni?"

Màmá mi wo ilẹ̀. Ìyá náà tú etí ìró rẹ̀, ó mú orógbó kan jáde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó fún mi. "Ẹ jẹ ẹ́. Á la ohùn." Mo gé e jẹ. Ó korò. Àwọn tó kù ti dá orin òkú sílẹ̀, wọ́n ń wò mí pé kí n gbè. Mo gbè é láti ìsàlẹ̀, lápá ibi tí àwọn ọkùnrin dúró sí.